Ìlérí Ìsọdọ̀tun: Àwọn Aládùúrà àti Ọ̀ràn Oògùn, 1918 sí 1943

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn Kristẹni nínú ìlérí Ọlọ́run pé yóò sọ ohun gbogbo di ọ̀tun, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé iṣẹ́ oníwàásù ni wọ́n fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́, èmi kì í sì í ṣe oníwàásù. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti béèrè pé: ta ni ó gbẹ́kẹ̀ lé ìlérí náà, níbo, ní ọdún wo, kí ni ó sì ná an? Bí a kò bá béèrè bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ kò ní yàtọ̀ sí ìkíni ọdún tuntun lásán. Nítorí náà, n ó sọ ti àwọn Kristẹni Yorùbá kan tí wọ́n di ìlérí yìí mú láàárín ọdún 1918 sí 1943, tí wọ́n dì í mú débi pé wọn kò lo oògùn kankan mọ́, ìbáà ṣe ti òyìnbó, ìbáà ṣe ti ìbílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Bí mo bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ wọn nínú, kí wọ́n jọ̀wọ́ fọwọ́ wọ́nú.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wò. Kì í ṣe ẹnu àwọn oníwàásù ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìsọdọ̀tun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọdún, ni a fi ń pe ìyípo ìgbà, òun náà ni a sì fi ń pe àjọ̀dún òrìṣà, nítorí pé àjọ̀dún ni ó ń sọ ìgbà di ọ̀tun: a ó gbá ojúbo, a ó yẹ ọ̀nà odò, a ó wúre, ìlú yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ohun tí a ń tọrọ nínú ìwúre náà kò fara sin: ire owó, ire ọmọ, ire àlàáfíà, ire àìkú. Ẹni tí ó dàgbà sínú irú ìwúre bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ pé Ọlọ́run yóò sọ ohun gbogbo di ọ̀tun kí ó wá rò pé ọkàn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ara wà níbẹ̀, ilé wà níbẹ̀, oko wà níbẹ̀.

Bí àwọn míṣọ́nnárì ṣe pín iṣẹ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkàn wà lọ́wọ́ olùṣọ́-àgùntàn, ara wà lọ́wọ́ dókítà. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n fi Bíbélì lé wa lọ́wọ́ ní èdè wa. Ìtumọ̀ tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé parí lódindi ní ọdún 1884, a sì dì í pọ̀ ní ìdìpọ̀ kan ní ọdún 1900. Ọmọ tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1890, tí ó lọ sí ilé-ìwé ìjọ, lè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀ kí ó ka ìtàn àfonífojì egungun gbígbẹ tí wòlíì Ìsíkíẹ́lì rí, àti ti Ẹ̀mí tí wòlíì Jóẹ́lì ní a ó tú jáde sórí tọmọdé tàgbà, láìsí àlùfáà kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò sọ fún un pé ìgbà ti kọjá lórí nǹkan wọ̀nyí. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan a máa ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀kọ́ àwọn Aládùúrà ti wá. Ẹ̀kọ́ kan wá láti ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí lẹ́tà kankan tó dé láti Amẹ́ríkà ni àwọn ènìyàn ti ń gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ìjẹ̀bú-Òde kì í ṣe ìlú tí ẹ̀sìn Kristẹni ti pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn òyìnbó fi ogun ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892 ni ilẹ̀kùn ṣí, tí àwọn ènìyàn sì ń rọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Ọdún 26 péré ni ó tẹ̀ lé e tí àjàkálẹ̀ àrùn fi dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn influenza wọ Èkó láti ìhà Gold Coast, ó sì bá ojú irin àti ojú odò wọ inú ilẹ̀ lọ. Àrùn yìí pa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn káàkiri ayé, kò sì mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ní Èkó, wọ́n ti ilé-ìwé, wọ́n ti ilé ìjọsìn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ìgbà tí ikú wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an ni ìjọba ní kí a ti ilé Ọlọ́run. Dókítà ìlera ìlú kò ṣe àṣìṣe, nítorí pé àrùn tí ó ń bá afẹ́fẹ́ rìn kò fẹ́ àpéjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run tí ó lè gbà là, kí ni ó yẹ kí ó rò?

Ní Ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí péjọ láti gbàdúrà lẹ́yìn àlá kan tí ẹni tí ó ń tọ́jú ilé ìjọsìn náà, tí wọ́n ń pè ní Daddy Ali, lá. Joseph Shadare, tí ó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, ni ó ṣáájú wọn. Olùkọ́ ilé-ìwé kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń jẹ́ Sophia Odunlami, tí àrùn náà ti dá òun pàápàá wó, dìde láti orí ibùsùn rẹ̀ ó ní òun gbọ́ ohùn: òjò yóò rọ̀, kí àwọn ènìyàn fi omi òjò náà gbàdúrà, kí wọ́n mu ún, kí wọ́n sì pa gbogbo oògùn mìíràn tì. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n wá ń pe ara wọn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi yan ọ̀ràn yìí fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òní. Àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kọ ìmọ̀ sílẹ̀ wọ́n di àlá mú. Ìmọ̀ wo? Ọdún 1933 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ya kòkòrò tí ó ń fa àrùn influenza sọ́tọ̀ láti ara ènìyàn. Ní ọdún 1918, dókítà tí ó dára jù lọ ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá kò ní ju kí ó ní kí aláìsàn sùn, kí ó mu omi, kí afẹ́fẹ́ sì máa fẹ́ sí i. Oògùn adáhunṣe kò sì tà á. Omi òjò tí ó mọ́, ìsinmi, àti ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n jókòó tì ọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ nínú àdúrà nígbà tí àwọn ẹbí mìíràn ń sá fún aláìsàn: n kò rò pé ohun tí ó burú jù nínú ohun tí ó wà lórí àtẹ lọ́dún náà nìyẹn. Kò sí oògùn kan tí wọ́n kọ̀ nígbà náà tí ì bá wò wọ́n sàn. Ìlérí tí a kọ́kọ́ dán wò nínú àrùn tí kò ní oògùn ni. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí àrùn náà kásẹ̀ nílẹ̀, àdúrà kò kásẹ̀ nílẹ̀, ìjà sì dé. Láti ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ìwé ìròyìn ìjọ kan tí a ń pè ní Faith Tabernacle bọ́ sí wọn lọ́wọ́, David Odubanjo tí ó wà ní Èkó ni ó sì jẹ́ alárinà jù lọ nínú lẹ́tà kíkọ. Wọ́n rí i pé àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run láìlo oògùn, wọ́n sì tún kọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn pé kò tọ́ kí a máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Melville Jones kò lè gba èyí láyè. Ní ọdún 1922, ẹgbẹ́ náà bọ́ kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀ràn ẹnu lásán ni ó jẹ́. Ẹni tí ó bá kúrò nínú ìjọ nígbà náà kúrò níbi ilé-ìwé, kúrò níbi iṣẹ́ olùkọ́, kúrò lára àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú. Shadare fi ipò rẹ̀ nínú Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀, Odunlami pàdánù iṣẹ́ olùkọ́.

Ohun kan a máa dùn mí, a sì máa pa mí lẹ́rìn-ín, nínú ọ̀ràn Philadelphia yìí. Lẹ́tà nìkan ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀. Wọ́n tọrọ pé kí ẹnìkan wá wò wọ́n, ẹnìkan kò wá. Bí àwọn ọdún 1920 ti ń parí lọ, wọ́n gbọ́ pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọ náà níbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan Pásítọ̀ Clark tí ó jẹ́ olórí wọn, wọ́n ti lé e. Àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà kò tìtorí èyí jáwọ́. Wọ́n ti gbà pé ìlérí náà kì í ṣe ti Clark.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni iná yìí ti ń jó. Ní Èkó, níbi tí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn, èyí tí eku ń gbé kiri, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1924, Moses Orimolade ará Ìkàrẹ́ àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń jẹ́ Abiodun Akinsowon dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní ọdún 1925. Josiah Oshitelu náà dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè ní ọdún 1930. Ìtàn tiwọn tóbi ju kí a fi há ààrin ọ̀rọ̀ mìíràn lọ, n ó fi í sílẹ̀.

Ẹni tí n kò lè fò dá ni Joseph Ayo Babalola. A bí i ní ọdún 1904 ní Ìlọ́fà, ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ó sì ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ojú títì fún Ilé Iṣẹ́ Òde ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, nítòsí Ìkejì-Arákejì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ dákú. Bí ìjọ rẹ̀ ti ń ròyìn rẹ̀, ibi tí ó ti ń tún un ṣe ni ó ti gbọ́ ohùn tí ó pe orúkọ rẹ̀, tí ó sì rí imọ̀ ọ̀pẹ mẹ́ta lára ẹ̀rọ náà: ọ̀kan ti gbẹ, ọ̀kan ń rọ lọ, ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀. Ohùn náà ní èyí tí ó tutù ni àwọn tí yóò gba ìhìn tí òun fẹ́ kí ó lọ jẹ́. Onígbàgbọ́ yóò gba ìtàn yìí gbọ́, aláìgbàgbọ́ yóò mi orí. Tèmi ni pé kí n pe àkíyèsí yín sí imọ̀ ọ̀pẹ náà. Irin, ojú ọ̀nà, àti màrìwò: ta ni ọmọ Yorùbá tí kò mọ ẹni tí ó ni nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Lára àwọn ohun tí ó jẹ́ ti Ògún ni a ti fi ìlérí Ọlọ́run àwọn Kristẹni han ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Ìlérí náà ti wọ aṣọ ilé wa. Babalola fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó mú agogo àti Bíbélì, ó bẹ̀rẹ̀ sí wàásù.

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ péjọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà láti yanjú àríyànjiyàn kan. Wọn kò yanjú rẹ̀ parí tí ariwo fi ta níta. Wọ́n ní ọmọ kan tí ó ti kú jí nígbà tí Babalola gbàdúrà fún un. Kí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kọjá, Iléṣà kò gba èrò mọ́: láti Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti Ọ̀yọ́, láti ìhà Ìbínní, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń gbé ìgò àti garawa bọ̀ kí wòlíì lè gbàdúrà sí omi wọn. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kó ère àti oògùn ilé wọn jáde, wọ́n sì dáná sun ún.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ọdún 1930? Ẹ wo ọjà. Iye owó kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dojú rú ní ọdún 1929. Owó orí kò já wálẹ̀. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti gbẹ́kẹ̀ lé kòkó láti kọ́ ilé, láti fi ọmọ sílé-ìwé, rí i pé ayé tuntun tí ìjọba òyìnbó àti ìjọ míṣọ́n ti ṣe ìlérí rẹ̀ fún un ń gbẹ bí imọ̀ ọ̀pẹ àkọ́kọ́ yẹn. Síbẹ̀ n kò fara mọ́ àwọn tí wọ́n ní kòkó ni ó bí ìsọjí. Kòkó lè sọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi wà nínú ìrora. Kò lè sọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé omi ni wọ́n gbé wá, tí kì í ṣe igi ìjà. Ní Ẹ̀gbá ní ọdún 1918, igi ìjà ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí owó orí dé.

Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fura. Ní ọdún 1932, wọ́n fi Babalola sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní ìlú Ìbínní lórí ọ̀ràn ẹ̀sùn àjẹ́ tí ó jẹ yọ nínú ìwàásù rẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni àwọn aṣáájú ti rí i pé bí kò bá sí òyìnbó lẹ́yìn àwọn, ìjọba yóò fọ́ ìjọ náà túútúú. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọ Apostolic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣojú sì dé ní ọdún 1931. Àwọn míṣọ́nnárì tẹ̀ lé wọn, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ayọ̀ náà kò pẹ́ títí. Wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí, tí àwọn náà ń wàásù ìwòsàn Ọlọ́run, ń lo kíníìnì.

Ibí yìí ni mo ní a ó padà sí. Kíníìnì kì í ṣe ohun tí a fi ń wo influenza. Oògùn ibà ni, ó sì ń wo ibà. Ìlérí tí a kọ́kọ́ dán wò nínú àrùn tí kò ní oògùn ti dé iwájú àrùn tí ó ní oògùn, kò sì sí ẹni tí ó kéde pé ọ̀ràn ti yí padà. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tí ń jiyàn nígbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré ní ilẹ̀ wa a máa ní ìdáàbòbò díẹ̀ lára sí ibà. A máa dá a wó, kì í sábà pa á. Òyìnbó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kò ní in. Nítorí náà, nígbà tí àgbà ìjọ ní Ìbàdàn sọ fún míṣọ́nnárì pé kí ó ju kíníìnì nù kí ó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń san lọ. Àgbà kan kò parọ́, òyìnbó kan kì í sì í ṣe aláìgbàgbọ́. Ara wọn ni kò dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ Yorùbá kò tíì ní ìdáàbòbò náà. Bíi ti òyìnbó ni ara tirẹ̀ rí. Yorùbá ní àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Ta ni ó wá ń sọ fún ìyá tí ibà mú ọmọ rẹ̀ èwo nínú méjèèjì ni ó wà níwájú rẹ̀? Àwọn ìwé ìtàn ìjọ tí mo ti kà a máa ka iye àwọn tí a wòsàn, wọ́n a máa dárúkọ ìlú wọn. Àwọn ìyá tí wọ́n gba ìlérí náà gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn wọn, tí ọmọ wọn sì kú sí wọn lọ́wọ́ ní òru, kò sí ojú ewé fún wọn. N kò sọ èyí láti fi ìgbàgbọ́ wọn ṣẹ̀sín. Mo sọ ọ́ nítorí pé bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìgbẹ́kẹ̀lé ná àwọn ènìyàn, àwọn ni a lè béèrè lọ́wọ́ wọn, a kò sì béèrè. Àwọn kan nínú wọn jókòó sí ìjọ náà títí di ọjọ́ ogbó wọn. Bí ènìyàn ṣe lè sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì tún padà lọ kọrin ọpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ìmọ̀ ìtàn mi kò tó o.

Àríyànjiyàn náà gbòòrò títí ìjọ fi pín ní nǹkan bí ọdún 1940. Àwọn kan dúró ti àwọn míṣọ́nnárì, ìjọ Apostolic sì ń bá a lọ. Babalola, Odubanjo àti Isaac Babalola Akinyele wà nínú àwọn tí wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n sì forúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Babalola wàásù títí ó fi kú ní Ẹdẹ ní ọdún 1959. Ní Ìkejì-Arákejì, níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákú, yunifásítì tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ti wà láti ọdún 2006.

Akínyẹlé ni n ó fi sinmi ọ̀rọ̀. Òun ni ó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn, tí a tẹ̀ ní ọdún 1911. Ọ̀mọ̀wé ni nígbà tí ọ̀mọ̀wé kò tíì pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè ní àìmọ̀wé ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn Aládùúrà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Alexander Akinyele, ọmọ bàbá kan náà, dúró sínú ìjọ Áńgílíkà. Ó dá Ilé-Ìwé Gíga ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ fún Ìbàdàn ní ọdún 1952. Bíbélì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà, ní èdè kan náà. Ẹ̀gbọ́n gbà pé ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn wà lára ọwọ́ tí Ọlọ́run fi ń sọ ayé di ọ̀tun. Àbúrò gbà pé Ọlọ́run kò nílò ọwọ́ mìíràn. Ní ọdún 1955, Ìbàdàn fi àbúrò jọba, olórí ìjọ tí ó kọ oògùn sì di Olúbàdàn lórí ìlú tí ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ti ń gòkè bọ̀. Ó wà lórí ìtẹ́ títí di ọdún 1964. Kò dá àdúrà dúró, kò sì ní kí wọ́n má kọ́ ilé ìwòsàn náà.